Olú ìdí ọ̀pẹ àti kòkòrò ajewé, èwo ni kí n kọ́kọ́ kojú?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbin ọ̀pẹ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Imọ̀ àwọn ọ̀pẹ kan lóko wa ti gbẹ bíi pé iná jó o, mo ya ewé ẹ̀ mo bá ìdin funfun pẹlẹbẹ nínú ẹ̀, kòkòrò ajewé nìyẹn, ìyẹn ò tiẹ̀ bà mí lẹ́rù púpọ̀ torí imọ̀ tuntun ṣì ń yọ. Àwọn tí olú líle tó pupa rúsúrúsú hù sí ìdí wọn ló ń já mi láyà, màrìwò wọn kàn dúró, kò ṣí, imọ̀ ìsàlẹ̀ ti wó lé igi lára. Ṣé kí n gé wọn kí n hú gbòǹgbò wọn dànù kó má baà ran àwọn tó kù àbí oògùn wà? Kòkòrò yẹn náà ńkọ́, ṣé ẹ máa ń fín in ni?