Ta ló fi tẹ́nìsì sí yín lọ́kàn? Tèmi ni Nduka Odizor

Láti Ilé-Ifẹ̀:

Mo ti ń ka ìtàn yín láti àárọ̀, Serena ni, Federer ni. Wọ́n tọ́ sí ìyìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tó ṣáájú wọn.

Lọ́dún 1983, ọmọ ọdún 11 ni mí. Bí a bá ti ilé ìwé dé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi a fẹsẹ̀ rìn wọ Yunifásítì Ifẹ̀ (wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ Awólọ́wọ̀ nígbà náà), a ó máa ṣa bọ́ọ̀lù fún àwọn olùkọ́ tó ń gbá tẹ́nìsì. Kọ́bọ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń fún wa, nígbà mìíràn bọ́ọ̀lù tí irun ara rẹ̀ ti re tán.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹfà, a dé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbá nǹkan kan. Gbogbo wọn pagbo yí rédíò kékeré kan ká. Odizor, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí l'Ékòó, ti na Guillermo Vilas ará Ajẹntínà ní Wimbledon, ìdíje tẹ́nìsì ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù! Vilas yìí ni ẹnì kẹrin nínú àwọn tí wọ́n tò síwájú pé ife lè bọ́ sí lọ́wọ́. Ó ti gba sẹ́ẹ̀tì (abala ìdíje) méjì àkọ́kọ́, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ gba mẹ́ta ló borí, kí tiwa tó gba mẹ́ta tó kù léraléra. Mo rí àgbà ọkùnrin tó ń nu omijé.

Ọ̀kan nínú wọn ló sọ fún wa pé ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan ló rí Odizor nílé níbí, tí ó fi dé Yunifásítì Houston. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá lára. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó kan bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, a ó sáré gbé pátákó tí a gé bí rákẹ́ẹ̀tì, a ó máa fi gbogbo agbára gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri.

Odizor dé ìpele kẹrin ní Wimbledon ọ̀hún kí Chris Lewis ará New Zealand tó dá a dúró. Ó gba ife ní Taipei lọ́dún náà, ó sì dé ipò 52 lágbàáyé ní 1984. Títí dòní, bí ẹnìkan bá ti pàdánù sẹ́ẹ̀tì méjì níbi tí a ti ń gbá a ní Sátidé, àwọn àgbà á kígbe pé, "Rántí Odizor!"

Láti Iléṣà:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Ẹ rán mi létí bàbá mi. Wọn kì í dárúkọ Odizor kí wọ́n má fi Tony Mmoh kún un, torí àwọn méjèèjì ló jọ gbá ti ẹni méjì-méjì fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì Seoul, 1988. Ní 2023, nígbà tí Michael Mmoh, ọmọ Tony tó ń gbá a fún Amẹ́ríkà, na Zverev, ògbóǹtarìgì ará Jámánì, ní ìdíje ńlá ti Ọsirélíà, mo sáré pe bàbá mi lórí fóònù. Wọ́n súre fún ọmọ náà títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Odizor ńkọ́, ṣé ọmọ tirẹ̀ náà ń gbá a?"