Jíìpù kékeré tuntun wo lowó ẹ̀ kì í tètè já wálẹ̀ téèyàn bá fẹ́ tà á?

Àbíkẹ́_W
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo fẹ́ ra jíìpù kékeré, tuntun pọ́nńbélé, mi ò ṣe àlòkù mọ́, àmọ́ mi ò ní lò ó gbó, bó pẹ́ tán ọdún márùn-ún màá tà á. Toyota RAV4, Honda CR-V, Mazda CX-5 àti Hyundai Tucson ni mò ń wò. Ká má parọ́, Mazda yẹn ló wù mí jù, inú ẹ̀ dà bíi ti mọ́tò olówó ńlá, àmọ́ gbogbo ẹni tí mo bi, RAV4 RAV4 ni wọ́n ń pariwo, pé ìyẹn lowó ẹ̀ kì í já, òun náà ló sì wọ́n jù nínú gbogbo ẹ̀. Ẹni tó ti ta mọ́tò rí ni kó dá mi lóhùn o, kì í ṣe ẹni tó kàn fẹ́ràn Toyota.

Baba_Gíà
Àǹtí, wọn ò parọ́ fún yín. Láti 1994 ni RAV4 ti wà níta, gbogbo mẹkáníìkì mọ inú ẹ̀, ẹni tó ń ra àlòkù kì í wá wàhálà, ohun tó bá mọ̀ ló ń rà, hybrid ẹ̀, ìyẹn èyí tó ń lo epo àti bátìrì pa pọ̀, ló sì tún ń tètè tà jù torí kì í mu epo púpọ̀. Àmọ́ ti 2026 ti yí padà, ní Amẹ́ríkà hybrid nìkan ni wọ́n ń tà báyìí, torí náà tẹ́ni tó ń tà á bá ṣì ní ti tẹ́lẹ̀ nílẹ̀, ẹ ná an kó rẹ̀ ẹ́, torí bí ojú tuntun bá ti jáde, ti tẹ́lẹ̀ á di ti àtijọ́ lójú oníbàárà.

owó_kì_í_sùn
Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jà, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní RAV4 jẹ́ 100, ẹ wá tà á ní 62, 38 ló lọ. Ká ní CX-5 jẹ́ 88, ẹ tà á ní 50, 38 náà ló lọ! Bẹ́ẹ̀ wọ́n á ní RAV4 ló di owó mú, torí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń kà, kì í ṣe owó tó jáde lápò yín. Tó bá wá jẹ́ owó yíyá lẹ fẹ́ fi rà á ńkọ́, ṣebí èlé orí 100 ju ti 88 lọ. Ẹ béèrè iye tí àlòkù ọlọ́dún márùn-ún ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lọ báyìí, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí wọ́n pè fún yín, ibẹ̀ lòótọ́ wà.

Gíà CX-5 tún jẹ́ ọ́tò lásán, olójú mẹ́fà, CVT, ìyẹn gíà ọ́tò tí kò lójú kan pàtó, ló wà nínú CR-V, àwọn tó ń ra àlòkù kan sì wà tí wọ́n bá ti gbọ́ CVT báyìí wọ́n á ti máa fà sẹ́yìn. Tucson náà dáa o, àmọ́ wárántì ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi ń polówó ẹ̀ l'Ámẹ́ríkà, lórí ẹ́ńjìnnì àti gíà, ti ẹni tó kọ́kọ́ rà á ni, tó bá dọ́wọ́ ẹlòmíì á já sí márùn-ún, ẹ ò lè fi ọdún mẹ́wàá yẹn polówó ẹ̀ fẹ́ni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín.

Síléńsà
Ẹ ń jà lórí orúkọ mọ́tò. Ẹni tó ra tèmi, kò tiẹ̀ kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ká kápẹ́ẹ̀tì inú bùútù sókè, ó ń wá ìpẹtà níbi táyà àpamọ́, ó ń fimú finlẹ̀ bóyá omi ti wọbẹ̀ rí, lẹ́yìn náà ló wá ní kí n kó rìsíìtì sáfíìsì wá. Mo kó gbogbo ẹ̀ jáde, kò náwó púpọ̀ mọ́. Ẹ máa tọ́jú rìsíìtì yín, ẹ má mu sìgá nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ra funfun, dúdú tàbí àwọ̀ eérú, ó tán.

Àbíkẹ́_W
Ẹ ṣé gan-an, màá lọ ṣírò ti 100 àti 88 yẹn pẹ̀lú iye tí wọ́n pè fún mi. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n Síléńsà, àwọ̀ pupa Mazda yẹn ńkọ́?

Síléńsà
Áà, ìyẹn yàtọ̀, àwọn tó fẹ́ ẹ pọ̀. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí nǹkan ha á, ọ̀dà orí ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún, ẹni tó máa tún un ṣe kó bára mu á gbowó lọ́wọ́ yín.