Èsì: "Kérésì Abo" kọ́ ni Nollaig na mBan

Ẹ̀yin ọmọ èdè, mo kí yín o.

Mo ka orúkọ ọdún àwọn ará Ireland tí àbúrò wa tó ń gbé ní Cork sọ di Yorùbá, tó fi ránṣẹ́ sí wa kí a bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Ireland kì í ṣe díẹ̀ mọ́, ó yẹ kí wọ́n lè fi èdè baba wọn pe ọdún tí wọ́n ń bá ojúgbà wọn ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé 6 oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí mo rí i pé "Kérésì Abo" ló pe Nollaig na mBan, ọdún tí àwọn ará Ireland fi ń yẹ́ obìnrin sí, ara mi bù máṣọ. Ohun tó tún dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ yín ti dáhùn, ẹ ń yìn ín, kò sẹ́ni tó bi í léèrè pé kí ni abo ń wá níbẹ̀.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo la wò tí a fi rí abo?

Nollaig na mBan ló ń kádìí ọjọ́ méjìlá Kérésì. Ọjọ́ Epífánì gan-an ni, ọdún tí ìjọ fi ń rántí àwọn amòye tó wá wo Jésù. Agbègbè Cork àti Kerry, níhà gúúsù Ireland, ló ti rinlẹ̀ jù. Ní gbogbo ìgbà tí ọdún ń lọ lọ́wọ́, obìnrin ilé ló ń se, tó ń fọ̀, tó ń gbálẹ̀, tó ń gbàlejò. Tó bá wá di ọjọ́ kẹfà, ọkùnrin á bọ́ sí ìdí ààrò, á fọ abọ́, á tọ́jú ọmọ. Obìnrin á múra, á gba ilé ọ̀rẹ́ tàbí ilé àbúrò rẹ̀ lọ, wọ́n á jókòó ti tíì àti kéèkì, wọ́n á tàkúrọ̀sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Láyé àtijọ́, owó ẹyin àti owó tòlótòló tí obìnrin fọwọ́ ara rẹ̀ sìn ló fi ń ṣe fàájì ọjọ́ náà, owó tí ọkọ kì í dá sí. Ẹni tó bá mọ bí obìnrin ilẹ̀ wa ṣe ń ya owó ọjà rẹ̀ sọ́tọ̀ kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ń tú ẹ̀ṣọ́ Kérésì kúrò lára ilé. Èèwọ̀ ni lójú wọn pé kí ènìyàn tú u ṣáájú, èèwọ̀ sì ni pé kó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọjọ́ iyì obìnrin nìyí. Àwa wá fi ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣa ewúrẹ́ nínú agbo pè é.

Ẹ̀gbọ́n wa ní London ní a máa ń sọ pé "takọtabo", pé ènìyàn là ń bá wí. Òótọ́ ni, a máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ méjèèjì jọ ń rìn ni, wọn kì í yara. Ẹ yọ akọ kúrò, kí ẹ mú abo nìkan lọ bá obìnrin kan lọ́jà, kí ẹ sọ fún un pé abo àtàtà ni. Ẹni tó bímọ kò sọ pé òun bí abo, ọmọbìnrin ló bí. Ìyálóde la ní, ìyálọ́jà la ní. Ìlù tí kì í ṣe ènìyàn pàápàá, ìyá ìlù là ń pe aṣáájú wọn. Ìyá tó bí ìyá mi, ní Ìlá, n kò gbọ́ kó fi abo pe ènìyàn rí, àfi lọ́jọ́ tó bá ń búni. Kò kàwé, ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ kò ní àbààwọ́n.

Ẹ̀gbọ́n kan náà ní níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ń pe 25 oṣù Ọ̀pẹ ní Nollaig na bhFear, ìyẹn ti àwọn ọkùnrin, kí a pe ìyẹn ní "Akọ Kérésì", kí èyí jẹ́ "Abo", kí wọ́n bára dọ́gba. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni akọ ń ṣe tó bá ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ? Akọ ibà, akọ òkúta. Ohun tó le koko ni. Ẹni tó bá gbọ́ "Akọ Kérésì" á rò pé ọdún tí ìyà jẹ wọ́n ni.

Ẹ tún wo ti àmì ohùn. Púpọ̀ nínú wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tí a bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. "Keresi abo" láìsí àmì, láìsí ìsàlẹ̀ ọ̀, kò sí ohun tó ní ká má kà á sí Kérésì àbọ̀. Orúkọ mìíràn tí àwọn ará Ireland ń pe ọjọ́ kan náà ni Nollaig Bheag, Kérésì Kékeré. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìyẹn rí á gbà pé àbọ̀ ni a ní lọ́kàn, á sì kọ́ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ní kó jẹ́ "Kérésì Ìyá" sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò bímọ. Máthair ni ìyá lédè Irish. Bean ni obìnrin. Tí wọ́n bá pọ̀, wọ́n di mná. Tó bá di ti ẹni tó ni nǹkan, ó di na mBan, m á bo b mọ́lẹ̀, ẹnu kì í pè é mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni, oní-nǹkan: méjèèjì wà nínú orúkọ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé Kérésì Àwọn Obìnrin ni, láìgbé "àwọn" jù sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé bàbá wa ní Ìlọrin ti kọ ọ́ pé "àwọn" ti pọ̀ jù, pé "ẹgbẹ́ obìnrin" là ń wí, pé òun ti ń kọ́ni ní gírámà kí ọ̀pọ̀ wa tó dáyé. Mo bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí wọn. Èmi náà kọ́ni ní Yorùbá ní Ìbàdàn títí mo fi fẹ̀yìn tì, olùkọ́ tó sì kọ́ èmi kì í jẹ́ ká kó ẹ̀yán, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orúkọ, pọ̀ mọ́ra wọn. Aṣọ obìnrin ń sọ irú aṣọ tó jẹ́. Aṣọ àwọn obìnrin ń sọ ẹni tó ni ín. Kérésì yìí, àwọn obìnrin ló ni ín. Kì í ṣe irú Kérésì kan.

Díẹ̀ lórí Lá an Dreoilín, ìyẹn Ọjọ́ Dreoilín, ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní wren lédè Gẹ̀ẹ́sì, 26 oṣù Ọ̀pẹ, tí ẹnì kan sọ ní "Ọdún Egúngún Ẹyẹ". Rárá o. Àwọn tó ń jáde ní Dingle, ìlú kan ní Kerry, ń wọ ẹ̀wù koríko gbígbẹ, wọ́n ń bojú, wọ́n ń fi fèrè àti ìlù yí ìlú ká, wọ́n ń gbowó. Láyé àtijọ́ wọ́n a máa pa ẹyẹ kékeré yẹn so mọ́ ọ̀pá. Wọn kì í pa á mọ́. Aládùúgbò tó bojú ni wọ́n, ará ọ̀run kọ́. Tó bá jẹ́ òkú tó ń bọ̀ wálé lẹ ń wá, Oíche Shamhna, ìyẹn Halloween, òru 31 oṣù Ọ̀wàwà, ni kí ẹ lọ, "Àìsùn" tí àbúrò wa lò níbẹ̀ sì tẹ́ mi lọ́rùn gidigidi, torí àwọn náà gbà pé alẹ́ ni ọdún ti ń bẹ̀rẹ̀. Dreoilín kì í sì í ṣe ológoṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Àbúrò wa, jọ̀wọ́ tún 6 oṣù Ṣẹ́rẹ́ kọ kí o tó pín in fún àwọn òbí. Bàbá wa ní Ìlọrin, mo ń retí èsì yín lórí aṣọ obìnrin àti aṣọ àwọn obìnrin.