Ọjọ́ tí mo panu mọ́ ni ọmọ mi tó sọ̀rọ̀

Ìyá ọmọ méjì, Kúbwá:

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí bí òbí ṣe ń gbọ́ ọmọ tó ti ń dàgbà. Area 1 ní Àbújá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí n tó la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Berger kọjá dé Kúbwá, agogo mẹ́jọ alẹ́ ti lù.

Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, wọ́n pè mí láti ilé ìwé ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 14, pé ó lu ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni o! Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń to èébú tí màá bù ú. Mo wọlé, iná ti lọ, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ń fi tọ́ọ̀ṣì bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín. Ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ ti là, mi ò mọ̀ bóyá ọyẹ́ ló là á àbí ẹ̀ṣẹ́. Bí mo ṣe rí ètè yẹn, gbogbo èébú ọ̀hún fò lọ. Mo ki ọwọ́ bọ abọ́, èmi náà ń bó ẹ̀wà. A ti bó o dé ìdajì kó tó lanu.

"Mọ́mì, 'Ngbàtí-ngbàtí' ni wọ́n ń pè mí láti JSS2. Tí mo bá ti sọ̀rọ̀, wọ́n á máa sín mi jẹ. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín ni. Lónìí, mi ò lè rẹ́rìn-ín."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi.

"Mo sọ fún yín. Ẹ ń tẹ fóònù, ẹ kàn ní 'ẹn-ẹ́n'."

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní. Mo ní, "Má bínú, ọkọ mi." Mi ò gbè é lẹ́yìn ìjà o. Mo bi í pé báwo ló ṣe máa rí lára ọmọ tó lù. Ó dákẹ́, ó ní, "Ojú tì í. Gbogbo kíláàsì ló ń wò ó." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká tètè lọ, kí òun lè tọrọ àforíjì. Èmi náà sì bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ lórí ìnagijẹ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ kàwé nípa bí òbí ṣe ń bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lò. Apá iwájú ọpọlọ tí èèyàn fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu, ó máa ń tó nǹkan bí ọdún 25 kó tó gbó tán. Ní 2009, olùwádìí kan, Larissa Duncan, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ka ohun márùn-ún fún òbí: kó fi gbogbo ara gbọ́ ọmọ, kó gba òun àti ọmọ láìdá wọn lẹ́jọ́, kó mọ ohun tó ń ṣe àwọn méjèèjì nínú, kó kó ara rẹ̀ níjàánu, kó sì ní àánú. Ìkíní àti ìkẹrin ló bá mi wí jù.

Ní báyìí, orí fíríìjì ni fóònù mi ń wà títí a ó fi jẹun tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò rẹ̀ ń sunkún lórí ìṣirò. Ọmọkùnrin mi da fóònù tirẹ̀ dojú bolẹ̀, ó jókòó tì í: "Sọ ọ́, mò ń gbọ́."

Bàbá kan, Zaria:

Ẹ ṣeun, Mà. Tèmi ò tètè yá báyẹn. Ọmọbìnrin mi ti pé 16, mo sì máa ń dá a lóhùn kó tó sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tó yá, "kò sí nǹkan" nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbé e láti Sàbó lọ sí Samaru láràárọ̀, tí mi ò bi í ní ohunkóhun. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló kàn ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa rédíò."