Ṣé dandan ni iṣẹ́ abẹ orúnkún ajá mi, àbí kí n ṣì ní sùúrù?

Olùbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ajá mi, abo, ti pé ọdún 11. Kò wúwo ju kìlógíráàmù 9 lọ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ń tiro. Dókítà ní iṣan tó di orúnkún ẹ̀yìn rẹ̀ mú ló já, pé abẹ ló kù. Owó tó pè ju ohun tí mò ń gbà lóṣù méjì lọ, mo sì ní ọmọ méjì tí mò ń tọ́. Ó ń jẹun, bí mo bá wọlé ó ṣì ń ju ìrù. Mi ò fẹ́ kó máa jìyà torí owó. Ṣé dandan ni lóòótọ́?

Nọ́ọ̀sì ẹranko: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Dókítà yín ò parọ́, iṣan yẹn kì í padà so fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ajá ńlá ni, màá ní kí ẹ wá owó abẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ajá tí kò tó kìlógíráàmù 15 ló ń rìn dáadáa padà láìṣe abẹ. Ìsinmi gidi ni o, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8: kò gbọdọ̀ fò, kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn, okùn ni kí ẹ fi mú un jáde lọ tọ̀. Bó bá sanra, ẹ dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Mi ò ní tàn yín: oríkèé náà á máa ro ó bó ṣe ń dàgbà, iṣan ẹsẹ̀ kejì náà sì lè já. Ẹ bi dókítà bóyá nǹkan rírọ̀ tó wà láàárín egungun orúnkún ti ya. Bó bá ti ya, ìrora ò ní lọ, abẹ náà ló máa pọn dandan.

Bàbá Ológbò: Ẹ má fún un ní oògùn ara ríro tiwa o! Ibuprofen ń ba ikùn àti kíndìnrín ajá jẹ́. Paracetamol, ó ń pa ológbò.

Ìyá Ajá: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ajá mi ń mu omi ṣáá, ó ń bì, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tó wá akọ. Dókítà ní àìsàn ti mú kí ọyún kún ilé ọmọ rẹ̀, kí àwọn yọ ilé ọmọ náà lọ́jọ́ náà. Mo ní wọ́n fẹ́ gba owó mi ni, mo ní kí n rò ó di ọjọ́ Ajé. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ló kú. Títí dòní ó ń dùn mí. Akọ ológbò tí kò lè tọ̀ náà, kò ní ọjọ́ méjì láti fi ronú. Orúnkún ní àkókò, ẹ̀yin lè dúró. Àwọn wọ̀nyẹn ò dúró de ẹnikẹ́ni.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Ajá, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ti pe dókítà. Ó ní nǹkan rírọ̀ yẹn ò tíì ya lójú tòun, ó gbà kí a gbìyànjú ìsinmi, ó sì ti kọ oògùn ajá fún un. Ká padà wá lọ́sẹ̀ mẹ́rin. Bó bá ṣì ń gbé ẹsẹ̀ sókè, a ó tún ọ̀rọ̀ abẹ sọ. Mo ti tẹ́ ẹní sí gbogbo ibi tó ń yọ̀ nínú ilé.