Ṣé òfin gbà kéèyàn rẹ̀kọ́ọ̀dù ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, tí lọ́yà bá wà níbí kó dákun dá mi lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sanwó ilé ní Challenge n'Ìbàdàn níbí, bàbá onílé ò já rìsíìtì fún un, ó wá ń sọ pé òun ò gba kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ó jẹ́wọ́ lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n mi sì rẹ̀kọ́ọ̀dù ẹ̀ láì sọ fún un. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dé kọ́ọ̀tù Ìyágànkú báyìí.

Mo rí i pé abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo ọ̀rọ̀ téèyàn bá sọ lórí fóònù. Cybercrimes Act 2015, ìyẹn òfin tó dá lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà àti íńtánẹ́ẹ̀tì, náà ní ẹni tó bá jí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì gbọ́ lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 2 tàbí kó san owó ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù 5 náírà. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ò jí nǹkan kan gbọ́, òun gan-an ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀! Ṣé ọ̀kan náà ni lójú òfin?

Ọkọ ẹ̀ tún ní ká fi app kan sínú fóònù bàbá yẹn ká máa gbọ́ ohun tóun àti ejẹ́ǹtì ń sọ, mo ní rárá o, ìyẹn burú. Ṣé adájọ́ máa gba rẹ̀kọ́ọ̀dù yìí, kí la sì máa mú dání nítorí abala 84 Evidence Act 2011, ìyẹn abala òfin ẹ̀rí tó sọ ohun tó yẹ kí kọ́ọ̀tù tó gba ẹ̀rí tó wá látinú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù?