Ta ni òfin ìnáwó bọ́ọ̀lù ń gbè?

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ kọ àròkọ lórí òfin UEFA, àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù, tó ní owó oṣù, owó ríra agbábọ́ọ̀lù àti owó aṣojú kò gbọdọ̀ ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ẹgbẹ́. Ó dáa létí. Àmọ́ ìdá 70 erin kì í ṣe ẹgbẹ́ ìdá 70 èkúté! Olówó á ṣì máa san owó oṣù tí àwọn yòókù ò lè san. Síbẹ̀, òfin ìnáwó La Liga, ìyẹn líìgì ilẹ̀ Sípéènì, ò jẹ́ kí Barcelona tó jẹ́ ẹgbẹ́ ńlá lè dá Messi dúró lọ́dún 2021. Èwo ni kí n gbé àròkọ mi kà: ẹgbẹ́ kéékèèké, àbí àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn?